Sùkúrù kékeré tó di eyín mú: Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè kí wọ́n tó gbin eyín àtọwọ́dá sí yín lẹ́nu

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára àwọn akọ̀ròyìn wa tó ń rí sí ètò ìlera bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ eyín àtàwọn ará ìlú sọ ní Àbújá.

 

Èmi kì í ṣe dókítà eyín. Akọ̀ròyìn ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí n sì sọ ọ́ lọ́nà tí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Wuse àti ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì yóò fi jọ lóye rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kéré púpọ̀. Tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá yìí, a lè fi gbogbo ọjọ́ wá a. Sùkúrù ni, èyí tó wà nínú eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń gbìn sínú eegun, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní implant.

Tí ọ̀rọ̀ implant bá ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta làwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èló ni? Ṣé ó máa ń dunni? Ṣé yóò jọ eyín gidi? Ìbéèrè tó dáa ni gbogbo wọn. Àmọ́ méjì mìíràn wà tó yẹ ká fi kún un: kí ló di eyín náà mú, kí sì ni orúkọ rẹ̀? Ìdáhùn sí méjì yìí ló lè sọ bóyá owó tí ẹ ná yóò pẹ́ lẹ́nu yín tàbí kò ní pẹ́.

Gbòǹgbò, ọrùn àti orí

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí eyín náà ṣe rí. Ó ní gbòǹgbò, ó ní ọrùn, ó sì ní orí.

Gbòǹgbò ni irin titanium tí dókítà máa ń lu ihò sínú eegun àgbọ̀n láti gbìn. Fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 4. Tí erìgì bá ti san, ẹ kò ní rí i mọ́.

Orí ni eyín funfun tí ayé ń rí nígbà tí ẹ bá rẹ́rìn-ín.

Ọrùn ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìdí rẹ̀ wọ inú gbòǹgbò, orí eyín sì jókòó lé e.

Kí ló wá so ọrùn mọ́ gbòǹgbò? Nínú ọ̀pọ̀ implant, sùkúrù kan ṣoṣo ni. Ara rẹ̀ kì í sábà nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Gbogbo iṣu tí ẹ bá jẹ, gbogbo ẹran tí ẹ bá fà ya, gbogbo obì tí ẹ bá rún, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń gbà kọjá.

Ehoro tó ya onímọ̀ lẹ́nu

Ní ọdún 1952, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Sweden, Per-Ingvar Brånemark, ń ṣe ìwádìí ní ìlú Lund lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú eegun. Ó fi ohun èlò kan tí wọ́n fi titanium ṣe sínú eegun ẹsẹ̀ ehoro. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ. Eegun ti gba irin náà mọ́ra.

Ní ọdún 1965, ní ìlú Gothenburg, ó gbin irin titanium sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Gösta Larsson, ọkùnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù àgbọ̀n, tí eyín rẹ̀ kò sì pé. Nígbà tí Larsson kú ní ọdún 2006, ó ti fi àwọn irin yẹn jẹun fún ohun tó lé ní 40 ọdún.

Ní ọdún 1982, Brånemark gbé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí ìpàdé kan ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Láti ibẹ̀ ni àwọn dókítà eyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ dáadáa.

Ìtàn yìí dùn, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí eegun bá ti gba irin, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Eegun kì í sábà jáni kulẹ̀

Ní ọdún 2012, Ronald Jung àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí 46 lórí eyín kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbìn. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 97.2 nínú ọgọ́rùn-ún gbòǹgbò náà ṣì wà nínú eegun.

Àmọ́ láàárín ọdún márùn-ún kan náà, sùkúrù tàbí ọrùn dẹ̀ nínú nǹkan bíi 8.8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Gbòǹgbò tí wọ́n pàdánù kò pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Sùkúrù tó dẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án. Ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, pé ara lè má gba irin, kọ́ ló máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù. Irin kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ni.

Báwo ni sùkúrù ṣe ń di nǹkan mú?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé sùkúrù ń kọ́ ihò rẹ̀ bí ẹ̀gún ṣe ń kọ́ aṣọ, pé nítorí náà ni kò fi ń yọ. Ẹ bi ọ̀gá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, yóò sọ nǹkan mìíràn fún yín.

Tí ẹ bá ń fi sípánà fún nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀, ẹ ń fa bóòtù rẹ̀ gùn díẹ̀ ni. Ojú kò lè rí i, àmọ́ ó gùn. Bóòtù náà yóò wá máa fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bíi rọ́bà tí a fà. Bó ṣe ń fẹ́ padà yẹn ló ń fún táyà mọ́ ara ọkọ̀.

Bí agbára tó ń fún wọn pọ̀ bá ju agbára tó fẹ́ yà wọ́n lọ, wọn kò ní yà. Bó bá kéré jù, wọ́n á máa mì. Tí nǹkan méjì bá sì ti ń mì lórí ara wọn, sùkúrù tó wà láàárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀, láì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Bó ṣe rí lẹ́nu náà nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù. Kò sì gbọ́dọ̀ le jù, torí sùkúrù tí wọ́n fún kọjá ààlà lè nà tí kò ní lè padà mọ́, ó sì lè kán.

Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi máa ń kọ iye agbára tó yẹ kí wọ́n fi dì í. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń wà láàárín 15 sí 35 Newton sẹ̀ntímítà. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ìyẹn. Ẹ mú igi kan tó gùn tó sẹ̀ntímítà 10. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ nà á sí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ, kí ẹ so nǹkan tó wúwo tó gíráàmù 350 mọ́ ìkangun kejì. Bí igi náà ṣe fẹ́ yí ọwọ́ yín wálẹ̀ yẹn, òun ni 35.

Kò pọ̀. Àmọ́ ọwọ́ lásán kò lè wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ dókítà kan lágbára ju ti èkejì lọ, ọwọ́ àárọ̀ sì yàtọ̀ sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe sípánà kékeré kan tó ń wọn agbára náà. Sípánà yẹn gan-an gbọ́dọ̀ máa gba àyẹ̀wò látìgbàdégbà, torí ó lè gbó bí òṣùwọ̀n inú ọjà ṣe ń gbó, kó wá máa purọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì

Nǹkan méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ sílé níbí.

Èkíní, nínú gbogbo agbára tí ẹ bá fi yí sùkúrù, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń fún nǹkan pọ̀. Bí irin ṣe ń ha irin ló ń jẹ ìyókù. Ìyẹn ni pé tí ojú sùkúrù bá ti ha nítorí pé wọ́n ti dì í, tí wọ́n tú u, tí wọ́n tún dì í láìmọye ìgbà ní yàrá iṣẹ́, sípánà lè ka 35 fún yín, síbẹ̀ kí agbára tó dé ibi tó yẹ má tó nǹkan. Ó yẹ kí sùkúrù tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n ń mọ eyín yàtọ̀ sí èyí tí aláìsàn yóò gbé lọ sílé.

Èkejì, kò sí irin tó dán tán. Tí a bá fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, òkè àti kòtò ló kún ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá fún sùkúrù, àwọn òkè kéékèèké wọ̀nyẹn á tẹ̀ wálẹ̀, sùkúrù á sì dẹ̀ díẹ̀. Àwọn ìwádìí fi hàn pé ó lè pàdánù 2 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n dì í. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa gba dókítà nímọ̀ràn pé kó dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì tún un dì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tí èrò bá tò sí ẹnu ọ̀nà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn rọrùn láti fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹ̀yin aláìsàn náà, tí dókítà bá ní kí ẹ dúró díẹ̀ kí òun tún un dì, ẹ má ṣe bínú pé ó ń fi àkókò yín ṣòfò.

Òkúta inú ẹ̀wà

Kí ló dé tí iṣẹ́ sùkúrù yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi eyín gidi wé eyín tí wọ́n gbìn.

Eyín gidi kò lẹ̀ mọ́ eegun tààrà. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ló gbé e dúró nínú ihò rẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó rìn díẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ó lè rìn tó 25 sí 100 máíkírọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ẹyọ kan ni máíkírọ́ọ̀nù. Eyín tí wọ́n gbìn kì í rìn ju 3 sí 5 lọ, torí eegun ti dì í mú gbágbá. Tí ìkọlù bá dé, kò sí ohun tó ń gbà á sílẹ̀. Ọrùn àti sùkúrù ló ń jẹ gbogbo rẹ̀.

Àwọn fọ́nrán yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ló ń ké sí ọpọlọ. Tí ẹ bá ń jẹ ẹ̀wà, tí eyín gidi sì bá òkúta pàdé, ẹnu yín á dúró kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ dúró. Eyín tí wọ́n gbìn kò ní fọ́nrán yẹn, ìkìlọ̀ rẹ̀ kì í sì yá tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti fi gbogbo agbára àgbọ̀n gé òkúta.

Nítorí náà, ẹni tó máa ń payín keke lójú oorun gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá sì ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ìbámu ni òògùn rẹ̀

Sùkúrù kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọrùn àti gbòǹgbò bá ara wọn mu.

Àwọn gbòǹgbò tí Brånemark kọ́kọ́ ṣe ní ohun kan tó yọ lórí wọn, tó ní igun mẹ́fà bí orí nọ́ọ̀tì. Gíga rẹ̀ kò ju mìlímítà 0.7 lọ. Ibi tí irinṣẹ́ yóò ti mú gbòǹgbò náà láti yí i wọ inú eegun ni wọ́n ṣe é fún. Eyín tí wọ́n ń gbé lé e nígbà yẹn sì jẹ́ odindi ọ̀wọ́ eyín tí gbòǹgbò bíi mélòó kan jọ ń gbé. Nígbà tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún eyín kan ṣoṣo, tí kò sí alábàágbé, sùkúrù tó ń dẹ̀ di ìṣòro gidi.

Àwọn mìíràn wá yíjú sí ọgbọ́n àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu irin. Nínú àwọn ọdún 1860, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Morse, ti rí ọ̀nà tí irin tó ń lu ihò fi lè dúró sínú ẹ̀rọ láì ní sùkúrù. Ó jẹ́ kí ìdí irin náà máa tín-ín-rín lọ díẹ̀ díẹ̀, ó sì jẹ́ kí ihò ẹ̀rọ rí bákan náà. Tí wọ́n bá tì í wọlé, ó há nìyẹn. Ẹni tó bá ti ki ife ike méjì bọ inú ara wọn, tó wá ń wá ọ̀nà láti yà wọ́n, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọgbọ́n yìí wọ ilé iṣẹ́ eyín. Straumann ní Switzerland lo irú rẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dígírì 8 dàgẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn náà ti ní tiwọn. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò fúnra rẹ̀ yóò gbà nínú agbára tó ń ti eyín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù sùkúrù yóò sì fúyẹ́. Èyí kò ní kí sùkúrù má dẹ̀ rárá, àmọ́ ó dín in kù.

Tó bá jẹ́ eyín púpọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé lé gbòǹgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ìbámu tún le sí i. Ẹ ro ilé tí òpó rẹ̀ kan kúrú. Káfíńtà lè fi ìṣó fa òrùlé wálẹ̀ tipátipá kó lè kan òpó náà. Ojú kò ní mọ̀, àmọ́ igi náà yóò máa fa, títí nǹkan kan yóò fi ya. Brånemark gbà pé àlàfo tó wà láàárín irin méjì níbẹ̀ kò yẹ kó ju máíkírọ́ọ̀nù 10 lọ. Irun orí ènìyàn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó ṣòro láti dé ibẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ọ̀nà wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà yóò di sùkúrù kan ṣoṣo ní ìkangun kan, yóò wá wo ìkangun kejì bóyá ó gbé sókè. Tó bá gbé sókè, wọn ò gbọ́dọ̀ fi agbára sùkúrù fà á wálẹ̀. Yàrá iṣẹ́ ló yẹ kó padà sí.

Àlàfo kò sì mọ sórí irin nìkan. Kòkòrò inú ẹnu kéré gan-an, ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 1 lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọrùn bá ń mì lórí gbòǹgbò, kòkòrò á máa wọlé, á máa jáde, erìgì á wú, eegun tó yí gbòǹgbò ká sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Sùkúrù tí ènìyàn lè tún dì ní ìjókòó kan lè wá di gbòǹgbò tó sọnù.

Kọ́kọ́rọ́ tí kò bá ihò mu

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síbí rèé.

Gbòǹgbò implant kò rí bákan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kárí ayé pọ̀ lọ jàra, oníkálukú ló sì ní bí ihò tirẹ̀ ṣe rí. Kódà, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tú sùkúrù yàtọ̀ síra. Òmíràn ní igun mẹ́fà, òmíràn ní igun mẹ́rin, òmíràn rí bí ìràwọ̀. Nínú àwọn onígun mẹ́fà pàápàá, a rí 1.2 mìlímítà, a rí 1.27. Ìyàtọ̀ wọn ò ju máíkírọ́ọ̀nù 70 lọ. Tí dókítà bá fi èyí tó kéré tú èyí tó tóbi, ó lè bó orí sùkúrù náà, kó wá di pé kò ṣeé tú mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tún wà tí kì í ṣe gbòǹgbò, ọrùn àti sùkúrù nìkan ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ń sọ pé ó bá gbòǹgbò ti ẹlòmíràn mu. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni kò dára. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí ní yàrá àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó lè má bá ara mu tó ti ẹni tó ṣe gbòǹgbò. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ èyí tí wọ́n fi sí òun lẹ́nu, kó sì fúnra rẹ̀ yàn.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń rìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹnì kan gbin eyín ní Turkey tàbí ní India, ó padà sí Kánò. Òmíràn ṣe tirẹ̀ ní Accra, iṣẹ́ gbé e lọ sí Abidjan. Òmíràn ṣe é ní Èkó, ó wá fẹ́ ọkọ sí Dakar. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, sùkúrù dẹ̀. Ó wọlé tọ dókítà tí kò rí i rí. Dókítà ya fọ́tò eegun, ó rí irin. Àmọ́ irin ta ni?

Dókítà eyín ò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìròyìn àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lọ́dún 2022 sọ pé láàárín ọdún 2014 sí 2019, dókítà eyín tó wà fún 100,000 ènìyàn ní ẹkùn Áfíríkà kò ju 3.3 lọ. Ìyẹn ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó wà káríayé. Ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ implant nínú wọn tún kéré sí i. Dókítà tó bá wà nílé lọ́jọ́ tí sùkúrù yín bá dẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó gbìn ín. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ jù ni orúkọ.

Ìwé pélébé kan

Orúkọ yẹn kò ṣòro láti rí. Inú páálí tí gbòǹgbò bá wá, sítíkà sábà máa ń wà níbẹ̀ tó gbé orúkọ ilé iṣẹ́, irú gbòǹgbò, fífẹ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ó ṣeé bó, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì. Ẹyọ kan fún fáìlì, ẹyọ kan fún aláìsàn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di òfin. Òfin wọn 2017/745, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, sọ pé ẹni tó bá ṣe ohun tí wọ́n ń gbìn sára gbọ́dọ̀ fi káàdì kan sí i fún aláìsàn. Àmọ́ òfin náà yọ orí eyín àti sùkúrù sílẹ̀. Gbòǹgbò lè ní káàdì, sùkúrù tó máa ń dẹ̀ kò ní. Nítorí náà, kódà ẹni tó ṣe tirẹ̀ ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ béèrè.

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC ló ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ ohun èlò ìṣègùn, ìgbìmọ̀ MDCN sì ló ń forúkọ dókítà eyín sílẹ̀. Ẹ lè béèrè bóyá orúkọ dókítà yín wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ kò nílò láti dúró de òfin tuntun kankan kí ẹ tó gba ìwé pélébé yìí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ rèé: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe gbòǹgbò àti irú rẹ̀, fífẹ̀ àti gígùn rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọrùn àti sùkúrù, iye agbára tí wọ́n fi dì í, ọjọ́ tí wọ́n dì í, àti bóyá sùkúrù ló di orí eyín mú tàbí wọ́n fi símẹ́ńtì eyín lẹ̀ ẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe kókó. Tó bá jẹ́ sùkúrù ló di orí eyín mú, ihò kékeré kan wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ti dí. Nísàlẹ̀ ohun tí wọ́n fi dí i, ẹ lè bá tépù funfun, irú èyí tí àwọn pọ́ńbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù. Dókítà yóò ṣí i, yóò tún sùkúrù dì, yóò sì dí i padà. Tó bá jẹ́ símẹ́ńtì, ó lè di dandan kí ó lu orí eyín náà kó tó rí sùkúrù. Símẹ́ńtì tó bá sì ṣẹ́kù sábẹ́ erìgì lè mú kó wú.

Tí eyín náà bá ń mì ńkọ́?

Ẹ má ṣe gbà pé ó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ sùkúrù nìkan ló dẹ̀. Ẹ máa kíyè sí àwọn àmì wọ̀nyí: eyín tó ń yí díẹ̀ tí ahọ́n bá tì í, ìró kékeré nígbà tí ẹ bá ń jẹun, oúnjẹ tó ń há síbi tí kì í há sí tẹ́lẹ̀, òórùn tàbí ìtọ́wò burúkú, erìgì tó wú tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹun mọ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má ní kí ọ̀rẹ́ yín tó mọ irin lò fi sukudíráfà bá yín wò ó. Tí nǹkan kan bá já bọ́, ẹ kó o sínú ọ̀rá, bó ti wù kó kéré tó, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà. Sùkúrù tó ń dẹ̀, tí ènìyàn sì ń fi jẹun lọ, lè kán sínú gbòǹgbò. Yíyọ èyí tó kán sínú jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ó sì lè ba ojú ihò gbòǹgbò náà jẹ́.

Tí dókítà bá tún un dì, tó bá tún dẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Sùkúrù tó ń dẹ̀ léraléra ń sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ìbámu kò sí, ó lè jẹ́ pé orí eyín náà ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ń payín keke lóru. Kí wọ́n kàn máa dì í kò ní mú ìdí yẹn kúrò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi parí. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó fi owó àjọ rẹ̀ ṣe eyín yóò jókòó sórí àga yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, tó ti wo dígí, tó ti rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ fi sí i lẹ́nu lé e lọ́wọ́. Bó bá rìn dé Niamey, bó bá rìn dé Banjul, dókítà tí ẹ kò mọ̀ rí yóò lè fi ìwé yẹn parí iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìlú, tí wọn ò bá fún yín, ẹ béèrè. Ẹnu yín ni.